Páúdà abẹ́ gíláàsì nínú ìléru: èwo la lè tún lò?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mo ti ń kọ̀wé. Mo ní ìléru kékeré kan tó ń lo iná mànàmáná, òun ni mo fi ń yọ́ gíláàsì ìgò àti ti fèrèsé pọ̀ di àwo pẹrẹsẹ àti abọ́. Kí gíláàsì má baà lẹ̀ mọ́ pẹpẹ ìléru, mo máa ń po alumina hydrate (páúdà funfun, alumina tí omi ṣì wà nínú ẹ̀yà rẹ̀) àti ẹfun, ìdajì kan ìdajì kan, mọ́ omi, màá fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sórí pẹpẹ. Páúdà yìí wọ́n. Ẹnìkan wá gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa ha èyí tí mo ti lò, kí n jọ̀ ọ́, kí n tún un pò. Mo gbìyànjú rẹ̀, àwo mẹ́rin ló bàjẹ́: abẹ́ wọn rí ṣákaṣàka, ó funfun bí ẹni pé mo fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Mo tún ní páúdà gbígbẹ kan nínú páànù irin, tí mo máa ń tẹ́ gíláàsì lé lórí kí ó lè mú ìrísí ohun tí mo bá tẹ̀ sínú páúdà náà. Ṣé ìyẹn náà kò ṣeé lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni? Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìrọ́jú. Àwo mẹ́rin kì í ṣe nǹkan kékeré, pàápàá nígbà tí ẹ ti san owó iná lé wọn lórí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ojú abẹ níkòó. Èyí tí ẹ kùn sórí pẹpẹ, tó sì ti dé nǹkan bí 800°C, ẹ má tún un lò mọ́ lábẹ́ gíláàsì tí ẹ fẹ́ yọ́ pátápátá. Èyí tó wà ní gbígbẹ nínú páànù, bó bá jẹ́ alumina nìkan, ẹ lè lò ó títí yóò fi sú yín, kódà ìlò kejì rẹ̀ dára ju àkọ́kọ́ lọ. Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí. Iná ni. Asẹ́ lè yọ ìdọ̀tí kúrò nínú páúdà, ṣùgbọ́n asẹ́ kò lè dá ohun tí iná ti yí padà sí bó ṣe wà. Ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn rò pé bí páúdà bá ti mọ́, ó ti di tuntun. Ibẹ̀ ló ti ṣì í.

Gíláàsì tó ti yọ́ kì í fẹ́ fi amọ̀ sílẹ̀. Ẹ wo àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n ń hú jáde ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn baba wa ti ń ṣe gíláàsì fúnra wọn láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15: gíláàsì ṣì lẹ̀ pinpin mọ́ inú wọn títí dòní. Fún ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, ìyẹn kò burú, nítorí wọn ò retí kí ìkòkò jáde láìní àlẹ̀mọ́. Ṣùgbọ́n pẹpẹ ìléru yín, amọ̀ ni òun náà. Páúdà nìkan ló dúró láàárín òun àti àwo yín.

Nínú àdàlù yín, alumina ló ń dènà gíláàsì. Ẹfun kì í fi bẹ́ẹ̀ dènà ohunkóhun. Òun ni àtè tó ń di alumina mú mọ́ pẹpẹ. Omi méjì ló sì wà lára ẹfun. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹ fi pò ó, oòrùn lásán lè lé e lọ. Èkejì wà nínú ẹ̀yà ẹfun fúnra rẹ̀, ojú kò lè rí i, ó sì tó nǹkan bí 14 nínú 100 ìwúwo rẹ̀. Láàárín 500 sí 600°C ni omi kejì yìí ń jáde. Bó bá ti jáde, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ da garawa omi mẹ́wàá lé e lórí, kò ní padà di ẹfun.

Ẹ lè fọwọ́ yín mọ ìyàtọ̀ náà. Ẹ bu ẹfun tí kò tíì rí iná, ẹ fi omi díẹ̀ pò ó bí ẹ̀bà líle, kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá pa á pọ̀. Á máa yọ̀, á fà, á sì mú àmì ìlà ọwọ́ yín. Ẹ wá ṣe bẹ́ẹ̀ sí èyí tó ti kúrò nínú 800°C. Á máa rún bí iyanrìn tútù, bó bá sì gbẹ tán tí ẹ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, á tú ká. Ohun tí ẹ kùn sórí pẹpẹ nìyẹn nígbà tí ẹ tún un pò. Ó jókòó síbẹ̀ ni, kò di pẹpẹ mú. Bí gíláàsì ṣe rọ̀ tó sì wúwo lé e, ó rọrùn fún páúdà náà láti tẹ̀lé gíláàsì ju kí ó dúró ti pẹpẹ lọ.

Ohun méjì mìíràn tún kún un. Ẹfun tó ti pàdánù omi inú rẹ̀ máa ń tètè bá èròjà bíi ti eérú àti káùn wọ̀ pọ̀, irú èròjà bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ nínú gíláàsì: sódà ló ń jẹ́ kí gíláàsì ìgò àti ti fèrèsé lè yọ́ ní ìwọ̀n iná tí ọwọ́ wa ká. Páúdà tó ti lo wákàtí kan lábẹ́ gíláàsì gbígbóná ti mu nínú rẹ̀. Ìkejì ni pé nígbà tí ẹ ń ha pẹpẹ, etí gíláàsì tó ti ṣẹ́, tín-tìn-tín, ń bá páúdà bọ́ sínú àwo. Kọ̀ǹkọ̀sọ̀ èlùbọ́ kò lè dá a dúró. Nígbà tí ìléru bá tún gbóná, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á yọ́, á fi apá kan di páúdà mú, á fi apá kejì di abẹ́ àwo mú. Ṣákaṣàka tí ẹ rí yẹn, páúdà àti gíláàsì tó ti di ara wọn mú ni.

Àwọn Krobo ní Ghana, tí wọ́n ń gún ìgò kúnná láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, mọ ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà pípẹ́. Mọ́ọ̀dù amọ̀ tó ní ihò wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń lò, wọ́n á fi ẹfun tí wọ́n po mọ́ omi ra inú ihò náà kí wọ́n tó da gíláàsì sí i. Mọ́ọ̀dù ni wọ́n ń tún lò. Ẹfun, wọ́n á tún òmíràn ra. Iná tiwọn kì í pẹ́ bíi ti ìléru oníná mànàmáná, wọ́n sì máa ń yí ìlẹ̀kẹ̀ náà nínú ihò nígbà tó ṣì gbóná, èyí tó ń jẹ́ kó tú kúrò lára amọ̀. Àwo yín kò ní ẹni tí yóò yí i. Wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá ló ń lò lójú kan náà, nítorí náà páúdà abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé.

Kì í ṣe gbogbo iná ló ń pa páúdà orí pẹpẹ o. Bí gíláàsì kò bá yọ́, tí ẹ kàn fẹ́ kó rọ̀ kó sì wọ inú mọ́ọ̀dù, iná náà kéré: láàárín 620 sí 680°C fún gíláàsì tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ ìléru, kí ẹ fi bíi 50°C kún un fún ìgò àti fèrèsé. Níbẹ̀, gíláàsì ṣì le tó tí kò fi lè wọ àárín horo páúdà. Mọ́ọ̀dù abọ́ tí ẹ kùn dáadáa lè ṣiṣẹ́ nígbà ogún láìjẹ́ pé ẹ tún un kùn, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti bó, tí kò sì sí ojú amọ̀ tó hàn síta. Ẹ má fọwọ́ kàn án ju bó ṣe yẹ lọ ni. Ṣùgbọ́n pẹpẹ tó ti rí 800°C, ẹ ha á, kí ẹ kùn ún tuntun, ní gbogbo ìgbà. Bí iná mànàmáná bá lọ nígbà tí ìléru wà ní 780°C, tó padà dé lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, tí ẹ wá tún un tàn, ẹ ka ìyẹn sí ìlò méjì. Ohun tó ń mú kí àwo lẹ̀ lọ́jọ́ tí iná ń ṣe ségesège nìyẹn, àwọn èèyàn á sì máa dá páúdà lẹ́bi pé ayédèrú ni.

Ẹ dárúkọ ẹfun, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ẹfun kan kì í ṣe ẹfun kejì. Èyí tí wọ́n wà láti inú ilẹ̀, bíi ti Kankara ní ìpínlẹ̀ Katsina tàbí ti Ìjerò-Èkìtì, amọ̀ funfun ni, òun ni ẹ ń wá. Ṣùgbọ́n lórí àtẹ, ohun funfun tí wọ́n mọ ní rìbìtì lè jẹ́ ṣọ́ọ̀kì, ó lè jẹ́ ìkarahun ìgbín tí wọ́n lọ̀, ó sì lè jẹ́ àdàlù. Ẹ rún un díẹ̀ sórí àwo, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Bó bá hó ṣùúù, tí ìfófòó rẹ̀ yọ, kì í ṣe amọ̀, ẹ má fi kùn pẹpẹ. Ìdí rẹ̀ á hàn nígbà tí mo bá dé ọ̀rọ̀ whiting, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì lílọ̀, nísàlẹ̀.

Ó ku páànù irin yín. Ẹ kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Bó bá jẹ́ alumina hydrate nìkan, inú mi dùn fún yín, nítorí kò sí páúdà tó tó o pa mọ́. Kò sí amọ̀ nínú rẹ̀ tí iná lè bà jẹ́. Alumina fúnra rẹ̀ kì í yọ́ títí dé 2,072°C. Ìléru yín kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo tí iná ń ṣe sí i ni pé ó ń lé omi inú rẹ̀ jáde, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín 200 sí 300°C, omi náà sì pọ̀ gan-an. Nínú 100 gíráàmù alumina hydrate tuntun, nǹkan bí 35 gíráàmù ló ń di oru omi. Ìdí nìyí tí páúdà tuntun fi ń dá wàhálà sílẹ̀: ẹ tẹ́ ẹ sínú páànù, ẹ fi ewé tàbí igi tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára tẹ àwòrán sí i, ẹ gbé gíláàsì lé e, ẹ tan iná. Oru omi á máa wá ọ̀nà jáde lábẹ́ gíláàsì, á gbé páúdà sókè, á la ihò wẹ́wẹ́ sí i bí ilẹ̀ tí èèrùn gbẹ́, àwòrán á sì ti bàjẹ́ kí gíláàsì tó rọ̀ débẹ̀. Nígbà mìíràn, apá ibi tí omi wà á tutù ju ibòmíràn lọ, gíláàsì á sì sán.

Nítorí náà, ẹ máa sun alumina tuntun ní òun nìkan kí ẹ tó lò ó. Ẹ tẹ́ ẹ sínú páànù, kí ó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Ẹ ṣí ìdérí ìléru sílẹ̀ díẹ̀ kí oru omi lè jáde, nítorí oru yìí ń ba wáyà ìléru jẹ́. Ẹ gbé iná lọ ní 150°C ní wákàtí kan títí dé 600°C, ẹ dá a dúró níbẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ wá pa á. Ohun tí ẹ ó bá nínú páànù á kéré sí ti tẹ́lẹ̀ díẹ̀, á fúyẹ́ gan-an, á sì máa ṣàn lọ́wọ́ bíi gàrí Ìjẹ̀bú tó gbẹ. Páúdà ìlò kejì nìyẹn, òun ló dára jù.

Àbùkù kan péré ló ní: ó máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń lo irú alumina tí wọ́n ti sun báyìí láti fi fa omi kúrò nínú gáàsì, torí pé ó mọ iṣẹ́ náà. Ní àsìkò òjò, bí ẹ bá fi páànù sílẹ̀ láìdé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ti padà sí ìdí ọ̀rọ̀ oru omi nìyẹn. Ẹ dà á sínú ike tó ní ìdérí líle nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, kí ẹ sì dé e. Bó bá ti pẹ́, kí ẹ tó tẹ́ gíláàsì lé e, ẹ gbé páànù náà sínú ìléru ní 260°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó tutù, kí ẹ tó tẹ àwòrán sí i.

Lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé gíláàsì kúrò, kí ẹ má tíì da páúdà pọ̀. Ojú òkè, bíi mìlímítà mẹ́ta, ni ibi tí gíláàsì kàn. Ẹ fi síbí bù ú kúrò sọ́tọ̀; ìyókù lábẹ́ mọ́, ẹ dá a padà sínú ike. Èyí tí ẹ bù ni ẹ ó jọ̀. Kọ̀ǹkọ̀sọ̀ lè mú èyí tó tóbi, ṣùgbọ́n ẹ wá asẹ́ mesh 80, tí ojú rẹ̀ jẹ́ 0.18 mìlímítà, fún ìjọ̀ kejì. Ohun tó bá kù lójú asẹ́, gíláàsì ni tàbí ìṣùpọ̀ tó ti gan; ẹ dà á nù, ẹ má fi ọwọ́ lọ̀ ọ́ kọjá, nítorí bí ẹ bá lọ̀ ọ́, ẹ ti tún da gíláàsì kúnná sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi máńgẹ́ẹ̀tì sínú ọ̀rá, kí ẹ máa fà á lórí páúdà tí ẹ tẹ́ fẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi odó irin gún ìgò, ẹ ó rí i pé irun dúdú á so mọ́ ọ̀rá náà. Irin ni. Ẹyọ kan ṣoṣo tó bá wà lábẹ́ àwo funfun á di àbàwọ́n pupa rúsúrúsú tí kò ní kúrò mọ́. Ẹ yọ ọ̀rá kúrò lára máńgẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ á já bọ́.

Bí páúdà bá ń dínkù, èyí tí ẹ ti sun ni kí ẹ fi kún un, ẹ má da hydrate tútù lé e. Ẹ sì ní páànù méjì bí agbára bá gbé e, ọ̀kan fún gíláàsì tí kò ní àwọ̀, ọ̀kan fún aláwọ̀. Ẹ ríi dájú pé, níbi tí àwòrán ti jìn jù, páúdà tó kù lábẹ́ rẹ̀ ṣì tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ohun tí kò ní ṣeé ṣe ni kí ẹ gbé páànù yìí lọ sí 800°C kí ẹ retí abẹ́ tó dán. Ní ibẹ̀ gíláàsì ń ṣàn, á gbé horo alumina mì yálà tuntun ni tàbí ògbólógbòó. Iṣẹ́ títẹ̀ ni páúdà gbígbẹ wà fún.

Bí ó bá wá jẹ́ whiting, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n lọ̀ kúnná, ọ̀rọ̀ yí padà. Nígbà tí iná kò bá ju 650°C lọ, ó ṣeé tún lò dáadáa, wọ́n sì ti ń lò ó tipẹ́ nítorí owó rẹ̀ kò tó ti alumina. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti kọjá 700°C tó ń lọ sí 850°C, ó ń tú gáàsì jáde, gáàsì kan náà tí ẹ rí tó ń hó lábẹ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́. Àsìkò yẹn gan-an ni etí gíláàsì ti rọ̀ tó sì ti dé ara rẹ̀ pa, gáàsì kò ríbi gbà, á wú gíláàsì sókè bí àkàrà. Ohun tó kù nínú páànù kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì mọ́. Bí omi bá kàn án, á gbóná, á wú, ó sì ń jó awọ àti ojú. Ẹ má fi ọwọ́ lásán bù ú, ẹ má dá a padà sínú ike. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ dán ẹfun ọjà wò nìyẹn.

POP, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé, kì í dì lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tó bá ti dì tó sì ti wọ iná. Bí ẹ bá ń fi POP àti silica (iyanrìn funfun tí wọ́n lọ̀ kúnná) ṣe mọ́ọ̀dù tí ẹ ó da gíláàsì sí, ẹ lè gún ògbólógbòó rẹ̀ kí ẹ fi kún àdàlù tuntun, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ní apá ẹ̀yìn mọ́ọ̀dù nìkan. Apá tó kọjú sí gíláàsì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Àtíkè ọmọdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ọmọdé: púpọ̀ nínú rẹ̀ lónìí jẹ́ sítáàṣì àgbàdo, á jó, á sì dúdú.

Nípa owó, ibi tí ẹ ti lè dín in kù wà, kì í kàn ṣe lórí pẹpẹ ni. Páúdà pípò tí kò tíì rí iná kì í bàjẹ́. Ẹ má da omi tí ẹ fi fọ búrọ́ọ̀ṣì nù. Ẹ gbé e kalẹ̀ mọ́jú, páúdà á rọ̀ sísàlẹ̀, ẹ rọra da omi orí rẹ̀ nù, ẹ da ìyókù padà. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: ìwọ̀n páúdà kan sí omi márùn-ún, kí ó rí bí omi wàrà, kí ẹ kùn ún ní ìgbà mẹ́rin, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ní òró, ní ìbú, ní ìdágẹ̀rẹ̀ méjèèjì. Ẹ máa ro ó bí ẹ ti ń kùn, nítorí alumina wúwo, ó máa ń sá lọ sísàlẹ̀ ike láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ ó kàn máa kùn ẹfun àti omi ni. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ pẹpẹ ní 260°C fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ tún lè yí ìwọ̀n ìpò padà, kí alumina jẹ́ ìdá méje nínú mẹ́wàá, ẹfun ìdá mẹ́ta. Kò ní di pẹpẹ mú gírígírí bíi ti ìdajì, ṣùgbọ́n á rọrùn láti ha, gíláàsì á sì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.

Èyí tí ẹ ti ha náà kì í ṣe ìdọ̀tí pátápátá. Ẹ wọ́n ọn sí ìsàlẹ̀ ìléru, kí gíláàsì tó bá ṣàn kúrò lórí pẹpẹ lè bọ́ sórí rẹ̀ dípò bíríkì. Ẹ fi pa orí òpó tó gbé pẹpẹ dúró. Ẹ fi gbé mọ́ọ̀dù tó bá ń wọ́ dọ́gba. Kó má ṣáà ti kan gíláàsì.

Kí ẹ tó ha pẹpẹ, ẹ fi omi wọ́n ọn kí ó rin díẹ̀. Pẹpẹ gbígbẹ tí wọ́n ń ha ń tú eruku tí ojú kò rí, ẹ̀dọ̀fóró kì í sì í tú u jáde. Silica inú POP àti inú amọ̀ ló burú jù, nítorí òun ló ń fa àìsàn silicosis tí kò ní ìwòsàn, ó sì lè fa jẹjẹrẹ. Bébà oníwúù tí àwọn kan ń tẹ́ sábẹ́ gíláàsì náà ń di eruku tó léwu lẹ́yìn iná. Ìyẹn, ẹ kó o rin, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ má jọ̀ ọ́ rárá. Ìbòmú aṣọ kò tó. N95 tàbí FFP2 ni kó kéré jù, kó sì lẹ̀ mọ́ ojú. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu ún. Pẹpẹ tí ẹ sì wọ́n lómi, ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú kó tó padà sínú iná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á sán.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì lórí páúdà kan, ẹ má fi àwo dán an wò. Ẹ gé gíláàsì kan náà ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta níbùú lóròó, ẹ gbé e sí igun pẹpẹ lórí páúdà náà nígbà tí ẹ bá ń sun nǹkan mìíràn. Nígbà tó bá tutù, ẹ yí i padà, ẹ fi èékánná yín fà á. Bí abẹ́ rẹ̀ bá dán tàbí tó kàn pa bí ojú dígí tí wọ́n mí sí, ó dára. Bí èékánná bá há sí horo, tí funfun kò sì kúrò lábẹ́ omi, ẹ ti mọ.

Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ kò béèrè: ẹ sọ pé ẹ ń yọ́ ìgò àti fèrèsé pọ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àwo kan náà. Wọn kì í sún kì dọ́gba bí wọ́n bá ń tutù, àwo á sì sán ní ọjọ́ kejì tàbí oṣù kejì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Kódà ìgò oríṣi méjì lè má bára mu. Ìgò kan, àwo kan.

Àwo mẹ́rin yín ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ rẹ wọ́n sínú omi tí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà sí, mọ́jú, kí ẹ fi kànìnkànìn oníke ha abẹ́ wọn. Èyí tó kàn sinmi lé gíláàsì á kúrò. Èyí tí gíláàsì ti gbé mì kò ní kúrò pẹ̀lú omi kankan. Ẹ fi bébà dáyámọ́ńdì grit 120 yún un lábẹ́ omi, lẹ́yìn náà 220, kí ẹ parí rẹ̀ ní 400. Á di ojú tó pa, tó mọ́, tó dùn ún fọwọ́ rà. Ẹ fọ gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní, kí ẹ má ṣe gbé e padà sí 800°C láti fi iná mú un dán, nítorí ìgò tí wọ́n tún sun tètè máa ń funfun lójú. Bó bá jẹ́ abọ́ ni ẹ fẹ́ sọ ọ́ dà, ẹ gbé apá tí ẹ yún náà sísàlẹ̀ sínú mọ́ọ̀dù, kí ẹ má gbé iná kọjá ibi tó ti máa tẹ̀.